Yìnyín Orí Òkè Alps àti Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ọ

Ní ọdún 1397, àwọn ará Andermatt, ìlú kékeré kan ní àfonífojì Urseren láàárín àwọn òkè Alps ti Swítsálándì, ṣe òfin lórí igbó kan ṣoṣo. Igbó náà kò tóbi. Ó lẹ̀ mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Gurschen, lórí ìlú gan-an, òun ló sì ṣẹ́ kù lórí òkè tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ fún ilé kíkọ́, iná dídá àti pápá ẹran. Òfin náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀ mọ́. Andermatt fi nǹkan bí 1,440 mítà ga ju òkun lọ. Òtútù ibẹ̀ kì í tètè lọ, igi ìdáná sì wọ́n bí ojú. Kí irú ìlú bẹ́ẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn igbó tó sún mọ́ ọn jù lọ, ohun mìíràn ní láti wà tó ń bà á lẹ́rù ju òtútù lọ.

Yìnyín ni. Ní gbogbo ìgbà òtútù ló ń bọ́ sórí òkè, tó ń kó jọ, tí kò sì ní ibì kan tó ń lọ títí oòrùn yóò fi yọ́ ọ tàbí títí yóò fi já. Bó bá já lójijì, odidi ẹ̀gbẹ́ òkè lè ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yìnyín gbígbẹ tó bá wó bẹ́ẹ̀ lè sáré tó 300 kìlómítà ní wákàtí kan, ìjì tó ń tì síwájú sì lè ṣí òrùlé ilé kí yìnyín fúnra rẹ̀ tó dé. Igbó kò lè dá a dúró tó bá ti gbéra láti òkè réré. Igi tó ti lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ni yóò ṣẹ́ sí méjì. Iṣẹ́ igbó ni pé kò ní í jẹ́ kó gbéra rárá. Ẹ̀ka igi a máa gba yìnyín lọ́nà, a sì máa jù ú sílẹ̀ ní wúwo-wúwo, tí kò fi ní í tẹ́ pẹrẹsẹ káàkiri ilẹ̀. Ìdí igi a dì í mú. Ìbòòji igi kì í jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru yí i padà bó ṣe wù wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàlàyé èyí fún àwọn ará Andermatt nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú wọn ti rí i pé òkè tó nígi lórí kì í fi bẹ́ẹ̀ já.

Òfin yìí yẹ ní yíyìn ju bí ìwé ìtàn ṣe sábà máa ń yìn ín lọ. Kì í ṣe ọba ló gbé e kalẹ̀, kì í ṣe ọmọ ogun ló ń ṣọ́ ọ. Aládùúgbò ló de aládùúgbò. Baba tó ń gbọ̀n nínú ilé ní láti máa wo igi tó wà lórí rẹ̀ kó má sì fọwọ́ kàn án, nítorí ewu tó ṣeé ṣe kó má dé nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ìlú mìíràn ní Alps náà ní irú igbó èèwọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà títí di òní. Ti Andermatt ṣì wà lórí òkè Gurschen, ó dúró ní onígun mẹ́ta láàárín pápá, ẹni tó bá wọ ìlú yóò rí i.

Kí ló gbé èèyàn dé irú ibi bẹ́ẹ̀? Láti nǹkan bí ọdún 1200 lọ sókè ni àwọn Walser, ẹ̀yà kan tó ń sọ èdè Jámánì, ti ń jáde kúrò ní ìhà Valais lọ tẹ̀dó sí àwọn àfonífojì gíga tí àwọn tó ṣáájú wọn kò fẹ́ gbé. Àwọn ìjòyè tó ni ilẹ̀ fún wọn ní òmìnira àti ẹ̀tọ́ lórí oko, kí wọ́n ṣáà wá gbé ibẹ̀. Davos wà lára àwọn ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n kọ́ ilé onígi lé orí òkúta, wọ́n sì ń kíyè sí ibi tí yìnyín ń gbà. Bí ilé kan bá ti dúró fún ìran mẹ́ta láìsí ohun tó ṣe é, ilẹ̀ ibẹ̀ di ilẹ̀ tó ṣeé fọkàn tán. Ibi tí ilé bá ti bá yìnyín lọ, wọn kì í kọ́ ọ síbẹ̀ mọ́, tàbí kí wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn. Ṣọ́ọ̀ṣì Frauenkirch lẹ́bàá Davos jẹ́ àpẹẹrẹ tó hàn kedere. Lẹ́yìn tí yìnyín bà á jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì mọ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí òkè ní ṣóńṣó, kí yìnyín tó bá ń bọ̀ lè pín sí méjì, kó gba ọ̀tún àti òsì kọjá. Ògiri náà ṣì wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrántí èèyàn kúrú ju ti òkè lọ. Yìnyín tó ń wá lẹ́ẹ̀kan ní 100 ọdún kì í bá ẹni tó rí èyí tó ṣáájú. Ní oṣù kìíní ọdún 1719, yìnyín bo Leukerbad ní Valais, ó sì pa èèyàn tó lé ní 50. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló bo Obergesteln, níbi tí àwọn tó kú ti ju 80 lọ, iye tó pọ̀ gan-an fún abúlé tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ mọra. Irú àjálù bẹ́ẹ̀ kò ní àlàyé mìíràn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ju ìbínú Ọlọ́run tàbí iṣẹ́ àwọn àjẹ́. Láwọn ibì kan, wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn obìnrin pé àwọn ló rán yìnyín wálẹ̀. Bí èèyàn bá gbà pé àjẹ́ ló ń ti yìnyín, kò sí ìdí tó fi máa wo inú yìnyín náà.

Àwọn tó ń rìnrìn àjò gba orí òkè kọjá wà nínú ewu ju àwọn ará abúlé lọ. Ní ojú ọ̀nà Great St Bernard, tó ga tó 2,469 mítà, ilé àlejò àwọn mọ́ńkì ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ni àwọn mọ́ńkì náà ti ń sin ajá ńlá, tó ń bá wọn wá ọ̀nà nínú ìkùukùu tó sì ń gbóòórùn ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Barry, tó gbé ayé láti 1800 sí 1814, tí wọ́n sì ní ó yọ èèyàn tó ju 40 lọ nínú ewu. Awọ ara rẹ̀ tí wọ́n kì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Bern.

Ẹni àkọ́kọ́ tó fi ọ̀rọ̀ yìnyín sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣeé kà, tó ṣeé wọ̀n, tó sì ṣeé dènà ni Johann Coaz. Ọdún 1822 ni wọ́n bí i. Ayàwòrán ilẹ̀ ni níbẹ̀rẹ̀. Òun náà ló kọ́kọ́ gun Piz Bernina dé orí ní 1850. Lẹ́yìn náà ló di olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní ìpínlẹ̀ Graubünden, ní 1875 ó sì di olórí ẹ̀ṣọ́ igbó fún gbogbo Swítsálándì. Ní ọdún 1876, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin pé igbó orí òkè kò gbọdọ̀ dín kù. Ohun tí Andermatt ti ṣe ní bí 480 ọdún ṣáájú wá di òfin orílẹ̀-èdè.

Ọ̀nà tí Coaz gbà ṣiṣẹ́ yẹ fún àfiyèsí. Ó ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní àfonífojì kọ̀ọ̀kan máa kọ ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́: ibi tí yìnyín ti já, ọjọ́ tó já, ọ̀nà tó gbà, ohun tó bàjẹ́ àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Ní 1881, ó tẹ ìwé jáde lórí ìwólulẹ̀ yìnyín ní òkè Alps ti Swítsálándì. Ní 1910, nígbà tó ti ń lọ sí ẹni 90 ọdún, ó tẹ òmíràn tí wọ́n ti ka ojú ọ̀nà yìnyín tó lé ní 9,000. Ó tún gbé iṣẹ́ lọ sí orí òkè fúnra rẹ̀. Ní 1868, ní Motta d'Alp lókè Martina ní ìsàlẹ̀ Engadine, ó ní kí wọ́n mọ ògiri òkúta àti ọgbà onígi sí ibi tí yìnyín ti ń gbéra, kì í ṣe ibi tó ń dé sí. Títí di òní, èrò yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ìdènà ń tẹ̀ lé: bí yìnyín bá ti gbéra, ó ti pẹ́ jù.

Ohun tí Coaz kò tíì mọ̀ ni ìdí tí yìnyín kan fi ń já tí èkejì sì ń dúró, bẹ́ẹ̀ òkè kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni. Ogun Àgbáyé Kìíní ló mú ìbéèrè yìí dójú ọ̀gbagadè. Ogun Austria àti Ítálì jà lórí àwọn òkè tí ẹnikẹ́ni kì í gbé nígbà òtútù rí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1916, yìnyín bo àgọ́ ọmọ ogun Austria ní Gran Poz lórí òkè Marmolada, ó sì pa nǹkan bí 270 èèyàn. Ọ̀gágun tó wà níbẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun kó àgọ́ kúrò. Wọn kò gbà fún un. Lọ́dún yẹn kan náà, Mathias Zdarsky, ará Austria tó jẹ́ aṣíwájú nínú síkì ṣíṣe, kó sí inú yìnyín níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun. Nǹkan bí 80 egungun ara rẹ̀ ló ṣẹ́. Kò kú, ó dìde, ó sì tẹ ìwé jáde lórí ìmọ̀ yìnyín ní 1929. Wilhelm Paulcke, onímọ̀ ilẹ̀ àti òkúta tó ń kọ́ni ní Karlsruhe ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í gé yìnyín láti òkè dé ilẹ̀, ó ń wo ìpele ibẹ̀ bí ẹni tó mọ òkúta ṣe ń wo ìpele òkúta. Ìyẹn ló ṣí ọ̀nà.

Yìnyín orí òkè kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ìjì kọ̀ọ̀kan fi ìpele tirẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ a tẹ òmíràn mọ́lẹ̀ títí yóò fi le bíi pátákó, oòrùn a yọ́ ojú rẹ̀, òru a tún dì í. Lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ láìdáwọ́ dúró. Ilẹ̀ kì í tutù ju ibi tí omi ti ń dì lọ, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkè lè tutù dé dígírì 20 sí ìsàlẹ̀ òdo tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru díẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ a máa sọ díẹ̀ lára yìnyín di oru omi, oru náà a máa gòkè lọ sí ibi tó tutù, a sì máa yí wóró yìnyín tó wà nítòsí ilẹ̀ padà di wóró ńlá onígun tí kò lẹ̀ mọ́ra mọ́. Bí èèyàn bá bù ú sọ́wọ́, yóò ṣàn láàárín ìka bíi gàrí gbígbẹ. Ìpele ahẹrẹpẹ bẹ́ẹ̀ lè wà lábẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí ohun tó hàn lójú òde, tí ìjì tuntun yóò sì máa kó ẹrù lé e lórí.

Ohun tó yani lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé ọdún tí yìnyín kò pọ̀ lè léwu fún ẹni tó ń rìn lórí òkè ju ọdún tó pọ̀ lọ. Bí yìnyín bá tínrín tí òru sì mọ́lẹ̀ tó tutù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru ilẹ̀ àti òtútù òkè á há sínú ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, wóró aláìlẹ̀mọ́ra yóò sì tètè hù. Bó bá nípọn, ìyàtọ̀ náà á pín káàkiri ìnípọn rẹ̀, ìpele á lẹ̀ mọ́ra, á sì lágbára. Ará ìlú a máa fi ìwọ̀n yìnyín díwọ̀n ewu. Ẹni tó mọ̀ ọ́n a máa bèèrè ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ní ọdún 1931, Swítsálándì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ fún ìwádìí yìnyín. Àwọn ìlú orí òkè ti ń gba àlejò nígbà yẹn: ọkọ̀ ojú irin Parsenn dé Weissfluhjoch lókè Davos ní 1932, ó sì ń gbé àwọn tó ń ṣe síkì lọ sí ibi tó ju 2,600 mítà lọ. Níbi tí èrò ń lọ yìí ni àwọn onímọ̀ gbé iṣẹ́ wọn sí. Ní 1936, wọ́n ní àhéré ìwádìí kan níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù kan náà tí wọ́n ń wádìí. Robert Haefeli tó wà lára wọn kì í ṣe onímọ̀ yìnyín tẹ́lẹ̀. Ẹnjiníà ni, ẹ̀kọ́ nípa bí ilẹ̀ ṣe ń gbé ẹrù ló mọ̀, ó sì rí i pé ìbéèrè kan náà ló wà nínú méjèèjì: ẹrù mélòó ni ìpele kan lè gbé kó tó yẹ̀? Òun àti Henri Bader pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé kan jáde ní 1939 lórí yìnyín àti bó ṣe ń yí padà, ìwé tí gbogbo ẹni tó tẹ̀ lé wọn dúró lé lórí. Ní 1942, ìjọba sọ ibẹ̀ di Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Yìnyín àti Ìwólulẹ̀ Yìnyín, tí gbogbo ayé mọ̀ sí SLF.

Iṣẹ́ tí wọ́n fi lélẹ̀ níbẹ̀ ṣì ń lọ bákan náà lónìí. Alákìíyèsí yóò mú ṣọ́bìrì, yóò gbẹ́ ihò láti ojú yìnyín dé ilẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kò ti ní í dé ibẹ̀. Yóò fá ògiri ihò náà kó dán, títí ìlà àwọn ìpele yóò fi hàn. Yóò wá fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n: ìpele tí ìkúùkù bá lè wọ̀ jẹ́ èyí tó rọ̀ jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí ìka mẹ́rin wọ̀, èyí tí ìka kan wọ̀, èyí tí pẹ́ńsù nìkan lè wọ̀, àti èyí tó jẹ́ pé àfi ọ̀bẹ. Yóò ki ìwọ̀n ooru bọ̀ ọ́ ní ìdá sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Yóò bu wóró sórí àwo dúdú kékeré, yóò fi gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá wò ó, bóyá ó rí roboto tàbí onígun. Ibi tí ìkúùkù ti wọlé lábẹ́ ibi tó jẹ́ pé pẹ́ńsù ló ń wọ̀, ibẹ̀ ni yóò fi àmì sí jù nínú ìwé rẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ogun Swítsálándì tó ń ṣọ́ àwọn òkè ló kọ́kọ́ nílò irú ìròyìn yìí déédéé. Nígbà tí ogun parí ní 1945, SLF gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ewu yìnyín fún gbogbo ará ìlú.

Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà ni àdánwò dé. Ní oṣù kìíní 1951, ìjì láti àríwá ìwọ̀ oòrùn fẹ́ lu òkè Alps fún ọjọ́ mélòó kan láìsinmi, yìnyín tuntun sì ju mítà méjì lọ láwọn ibì kan. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, èèyàn 19 kú ní abúlé Vals, 13 sì kú ní Andermatt, ìlú igbó èèwọ̀ náà. Igbó Gurschen kò yẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń bò; láti àwọn ẹ̀gbẹ́ òkè mìíràn tí kò nígi ni yìnyín ti ya wọ̀lú. Ní oṣù kejì, ìjì yí padà sí gúúsù, ó sì kan Airolo, níbi tí èèyàn 10 kú. Lápapọ̀, 98 èèyàn ló kú ní Swítsálándì ní ìgbà òtútù yẹn, ó sì ju 250 lọ ní gbogbo Alps. Nǹkan bí 1,500 ilé ló wó tàbí bàjẹ́ ní Swítsálándì nìkan. Lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní 1954, yìnyín méjì bo abúlé Blons ní Austria lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan láàárọ̀, èkejì nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń gbẹ́ àwọn tí ti àárọ̀ bò jáde. Èèyàn 57 ló kú níbẹ̀.

Ìkéde nìkan kò tó mọ́. Ìbéèrè wá di ti ibi tí ó yẹ kí ilé wà. Ní 1954, Gadmen ní ìpínlẹ̀ Bern ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ewu yìnyín, ìlú mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní 1955, ẹnjiníà Adolf Voellmy gbé ìṣirò kan jáde tó lè sọ bí yìnyín yóò ṣe yára tó, ibi tí yóò rìn dé, àti agbára tí yóò fi kọlu ògiri. Nípa irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lè fi àwọ̀ pín ilẹ̀. Ilẹ̀ pupa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ilé tuntun síbẹ̀. Ilẹ̀ búlúù, wọ́n lè kọ́ ọ bí ògiri bá lágbára tó láti gba ìkọlù. Yẹ́lò ń kìlọ̀ pé ewu díẹ̀ wà; funfun kò ní ìdènà. Ibi tí yìnyín lè dé lẹ́ẹ̀kan láàárín 300 ọdún ni wọ́n ń ṣírò, èyí tó ju ìrántí ìran kankan lọ. Irin rọ́pò òkúta àti igi lórí òkè: ọgbà irin tí wọ́n tò ní ìpele-ìpele sí ibi tí yìnyín ti ń gbéra, tí gbogbo rẹ̀ ní Swítsálándì ti gùn tó nǹkan bí 500 kìlómítà. Owó tó wọlé síbẹ̀ kò kéré, bẹ́ẹ̀ ni ìjà lórí àwòrán náà kò kéré, nítorí ilẹ̀ tó bá ti di pupa kò níye lórí mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Síbẹ̀ àjálù kò tán. Ní Reckingen, ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 1970, èèyàn 30 kú.

Láàárín àsìkò yìí, ikú ń ṣí kúrò nínú ilé. Bí abúlé ṣe ń rí ààbò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń lọ síbi tí kò sí ọgbà irin tàbí ẹ̀ṣọ́ fún eré síkì ń pọ̀ sí i. Ní òde òní, èèyàn tó lé ní 20 ni yìnyín ń pa ní Swítsálándì lọ́dún kan, bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé orí òkè gbalasa ni gbogbo wọn ti ń kú. Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàárín wọn àti àwọn ará Leukerbad: nínú bí ìdá 90 nínú 100 irú ìjàǹbá yìí, ẹni tó kú tàbí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló já yìnyín náà fúnra rẹ̀. Ó gun orí pátákó yìnyín tó jókòó lé ìpele ahẹrẹpẹ, lórí òkè tó dagun tó dígírì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìwúwo ara rẹ̀ fọ́ ìpele abẹ́, ọ̀fọ́ náà sì sáré ká gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè kó tó mira. Nígbà mìíràn, òkè a kọ́kọ́ kìlọ̀. Ìró kan, wọ̀ọ̀mù, a dún lábẹ́ ẹsẹ̀ níbi tí ilẹ̀ tẹ́jú, ìyẹn ni pé ìpele abẹ́ ti wó. Ẹni tó bá gbọ́ ìró yìí tó sì ń bá a lọ sí ibi tó dagun ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Àwọn tó ń tọ́ni sọ́nà lórí òkè wá àdánwò tí wọ́n lè ṣe lójú ibẹ̀. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ láti Swítsálándì ni kí wọ́n gé òkìtì yìnyín kan ya sọ́tọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ní mítà méjì ní fífẹ̀ àti mítà kan ààbọ̀ láti òkè sísàlẹ̀. Ẹni tó wọ síkì yóò rọra gun un. Bí kò bá yẹ̀, yóò tẹ orúnkún wálẹ̀. Bí kò bá tíì yẹ̀, yóò fò lé e lẹ́ẹ̀kan, yóò tún fò. Ipò tó bá ti yẹ̀ ló ń sọ bí ewu ṣe tó. Ṣùgbọ́n Werner Munter, atọ́nisọ́nà ará Swítsálándì, fi hàn pé ibi mélòó kan lórí òkè kan náà lè fèsì lọ́nà tó yàtọ̀ sí ara wọn, nítorí náà àdánwò kan ṣoṣo kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ní àwọn ọdún 1990, ó gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkéde ewu fúnra rẹ̀: bí ewu bá ṣe ga sí i ni òkè tí èèyàn lè gùn yóò máa dín ní dídagun. Àríyànjiyàn tó dá sílẹ̀ kò kéré, àwọn onímọ̀ kan sì rò pé ó sọ yìnyín di ìṣirò lásán. Ṣùgbọ́n ó fún àwọn aláìmọ̀ púpọ̀ ní ohun tí wọ́n lè dì mú kí wọ́n tó gbéra nílé.

Fún ẹni tí yìnyín ti bò, àkókò ni ohun gbogbo. Ìwádìí tí Hermann Brugger àti Markus Falk ṣe, tó jáde ní 1994, fi hàn pé láàárín ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ló ń yè. Nígbà tó bá di ìṣẹ́jú 35, ó ti já sí bí ìdá 30. Afẹ́fẹ́ ló ń tán, kì í ṣe òtútù ló ń tètè pani. Ajá tó dára jù kò lè ti ìlú gòkè débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí John Lawton ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1968 ṣe yí ọ̀ràn náà padà: ẹ̀rọ rédíò kékeré tí olúkúlùkù ń so mọ́ àyà, tó ń ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Bí yìnyín bá bo ẹnì kan, àwọn tó kù yóò yí tiwọn sí gbígbọ́, wọn yóò tẹ̀ lé ìró títí yóò fi ga jù, wọn yóò fi ọ̀pá gígùn wá a, wọn yóò sì gbẹ́. Àwọn ará ẹgbẹ́ ẹni ni olùgbàlà.

Títí di ọdún 1993, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní Alps ló ní òǹkà ewu tirẹ̀, ẹni tó bá sọdá láti Faransé sí Swítsálándì kò sì mọ bí ọ̀kan ṣe bá èkejì mu. Lọ́dún yẹn ni wọ́n fẹnu kò sí òǹkà márùn-ún, láti ìkíní tí ewu rẹ̀ kéré dé ìkarùn-ún tó ga jù. Ìkẹta ló ń pani jù: nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń kú ní Swítsálándì ló ń kú ní ọjọ́ tí òǹkà bá wà ní ìkẹta. Ní ìkẹrin àti ìkarùn-ún, yìnyín ń wó fúnra rẹ̀, ojú ọjọ́ kò dára, èèyàn sì ń jókòó sílé. Ní ìkẹta, ìjì lè ti lọ, oòrùn lè ti là, kí àmì ewu má sì pọ̀ lójú òde, kí ìpele ahẹrẹpẹ sì wà lábẹ́ tó ń retí ẹsẹ̀.

Ní oṣù kejì 1999, irú ìjì ọdún 1951 padà wá, ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn. Yìnyín tó ṣe ìbàjẹ́ ní Swítsálándì tó nǹkan bí 1,200. Ọ̀nà àti ọkọ̀ ojú irin dúró, ọ̀kẹ́ àìmọye àlejò sì há sórí òkè. Àwọn tó kú jẹ́ 17, láfiwé pẹ̀lú 98 ti 1951, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà lórí òkè pọ̀ ju tìgbà yẹn lọ fíìfíì. Méjìlá nínú wọn kú ní Evolène ní ọjọ́ 21, níbi tí wọn kò ti ti ọ̀nà tí wọn kò sì kó èèyàn kúrò nílé lásìkò. Ilé ẹjọ́ dá olórí ìlú àti olórí ààbò lẹ́bi. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, yìnyín bo apá kan Galtür ní Austria, ó pa èèyàn 31, lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ó pa méje mìíràn ní Valzur tó wà nítòsí. Yìnyín Galtür rìn dé ilẹ̀ tí àwòrán ti sọ pé kò léwu, ìdí sì nìyẹn tí Austria fi tún gbogbo àwòrán rẹ̀ yẹ̀ wò. Ní Galtür lónìí, ògiri ìdènà ńlá kan wà tí wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ́ lára, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Alpinarium.

Láti 1996 ni Swítsálándì ti ń gbin ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ sórí òkè, tó ń wọn yìnyín, afẹ́fẹ́ àti òtútù láìsí èèyàn nítòsí, tó sì ń fi rédíò ránṣẹ́ sí Davos. Wọ́n ti ju 150 lọ báyìí. Nǹkan bí 200 alákìíyèsí tún ń ránṣẹ́ láti àfonífojì wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó Coaz ti ń ṣe. Ní 2018, UNESCO kọ ìmọ̀ bí àwọn ará Swítsálándì àti Austria ṣe ń bójú tó ewu yìnyín sínú ìwé àjogúnbá ọmọ aráyé. Nígbà òtútù, SLF ń gbé ìkéde jáde ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó sì ń tún un ṣe ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ní èdè Jámánì, Faransé, Ítálì àti Gẹ̀ẹ́sì: òǹkà ewu, ìhà òkè tó wà, bó ṣe ga tó, àti irú yìnyín tó ń dá a sílẹ̀.